Adìẹ Ń Làágùn: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Oúnjẹ àti sí Àwa Tí Ń Jẹun

Àwọn baba ńlá wa kò kọ́ nípa ẹranko nínú ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n la ojú wọn sílẹ̀ nínú agbo-ilé, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún wa pé, adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìnira kan wà tí ojú kò lè rí, àìrí i kò sì sọ ọ́ di òfo. Ní ìgbà tí a kọ́kọ́ pa òwe náà, adìẹ tí a ń wí ń rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé, ó ń tan ilẹ̀, ó ń kó òròmọdìẹ lẹ́yìn, ó sì ń wọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní ayé ìsinsìnyí, àìmọye adìẹ ni ó wà tí ẹsẹ̀ wọn kò kan erùpẹ̀ rí. Orí wáyà ni wọ́n dúró sí, orí wáyà náà ni wọ́n sì sùn sí. Kì í ṣe ìyẹ́ nìkan ni ó bo òógùn wọn mọ́ wa lójú mọ́. Ògiri ilé ọ̀sìn bò ó, páálí aláràbarà tí a ń kó ẹyin sí bò ó, ọ̀rọ̀ dídùn àwọn oníṣòwò sì tún bò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí a fẹ́ wí nínú ìwé ọdún yìí kò ṣòro láti gbọ́, bí ó tilẹ̀ lè ṣòro fún àwọn kan láti gbà. A ń wí pé àwọn ènìyàn tí kò jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńláńlá ní ìsinmi nítorí ìyà ẹran ọ̀sìn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, ohun tí ó tọ́ ni wọ́n ń ṣe. A ń wí pẹ̀lú pé ìlérí tí a kò ṣọ́ kò yàtọ̀ sí omi inú apẹ̀rẹ̀. A sì ń wí pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà tiwa, àti pé ìgbà tí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ ni ìsinsìnyí, kí irin náà tó ta gbòǹgbò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Àgò irin tí àwọn ọlọ́sìn adìẹ ń pè ní kéèjì jẹ́ àpótí wáyà tí a tò ní ìpele-ìpele, ọ̀kan lórí èkejì, bí àkàbà. Ilẹ̀ rẹ̀ dagun díẹ̀ kí ẹyin lè yí jáde fúnra rẹ̀. Oúnjẹ wà níwájú, omi wà níwájú, ìgbẹ́ ń bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ní Yúróòpù, kí òfin tó yí padà, àyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún adìẹ kan nínú irú àgò bẹ́ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 550 ní ìlọ́po ìbú àti gígùn. Ẹ̀yin ọmọ tí ń ṣe ìṣirò, ẹ mú tákàdá kan tí a fi ń kọ lẹ́tà, irú èyí tí àwọn òǹtẹ̀wé ń pè ní A4. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 29.7. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po, ẹ ó rí i pé ó lé ní 620. Ẹ tẹ́ tákàdá náà sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ sì ro ó pé àyè tí òfin fún adìẹ kan láti gbé ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń yé ẹyin kò tó tákàdá náà. Ní ibẹ̀, adìẹ kò lè na ìyẹ́ rẹ̀ tán, kò lè yíra nínú eruku, kò sì ní igi tí yóò bà sí.

Ohun tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé kò ní ìtẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ bá ti rán an lọ wá ẹyin adìẹ rí, lábẹ́ àká, tàbí lẹ́yìn ìkòkò, tàbí nínú agbọ̀n àtijọ́ tí a pa tì, mọ ìwà adìẹ nígbà tí ó bá fẹ́ yé. Yóò máa ké, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, yóò máa wá kọ̀rọ̀ tí ojú kò tó. A kò kọ́ ọ, a bí i mọ́ ọn ni. Adìẹ inú kéèjì ní ìfẹ́ yìí kan náà, nítorí adìẹ ni òun náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá kọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, wáyà ni yóò bá. Bí ó bá tún wá a ní ọjọ́ kejì, wáyà náà ni. Adìẹ ti òde òní sì lè yé tó ẹyin ọ̀ọ́dúnrún (300) lọ́dún kan. Ẹ ro iye ìgbà tí ẹranko kan lè wá ohun kan kí ó má sì rí i.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgò kan wà tí a ń ti abo ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ nígbà tí ó bá lóyún. Ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, gígùn rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Ẹlẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ lè dúró, ó sì lè dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè yí padà. Oyún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta. Ní ibi tí òfin kò bá ti dí i lọ́wọ́, a lè ti ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ní oyún lẹ́yìn oyún, títí tí kò fi ní wúlò mọ́.

Bí a bá sì wá dé ọ̀dọ̀ adìẹ tí a ń sìn fún ẹran, ìyà ibẹ̀ kì í ṣe ti àgò, ti ara adìẹ fúnra rẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà sin irú adìẹ ti ọdún 1957 àti irú ti ọdún 2005 pọ̀, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ kan náà, wọ́n sì tẹ ìwé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 56, irú ti 1957 wọn giráàmù 905. Irú ti 2005 wọn giráàmù 4,202. Ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni! Ènìyàn ni ó yan irú náà, tí ó fi sọ adìẹ di ẹran tí ara rẹ̀ ń dàgbà ju ohun tí ẹsẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ lè gbé lọ. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í lè rìn dáadáa mọ́ kí ọjọ́ títà wọn tó pé.

Njẹ́ ta ni ó kọ́kọ́ pariwo? Ní 1964, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní Ruth Harrison kọ ìwé kan, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Animal Machines, èyíinì ni pé a ti sọ ẹran di ẹ̀rọ. Ìlú gbọ́, ìlú sì dàrú. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan, ọ̀jọ̀gbọ́n Rogers Brambell ni alága rẹ̀. Ní 1965 ìgbìmọ̀ náà wí pé ó kéré tán, ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ lè yí ara rẹ̀ padà, kí ó lè tọ́jú ara rẹ̀, kí ó lè dìde, kí ó lè dùbúlẹ̀, kí ó sì lè na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo bí ohun tí wọ́n béèrè ti kéré tó! Síbẹ̀ àwọn tí ń pa owó lórí ẹran wí pé ó pọ̀ jù. Ní 1967, àgbẹ̀ kan tí ń sin màlúù fún wàrà ní Hampshire, Peter Roberts, pẹ̀lú aya rẹ̀ Anna, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Compassion in World Farming. Kí ẹ ṣàkíyèsí pé àgbẹ̀ ni. Kì í ṣe ọmọ ìlú ńlá tí kò mọ bí ẹran ti ń rùn ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wàrà.

Láti ìgbà náà ni òfin ti ń jáde, díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí àgò abo ẹlẹ́dẹ̀ tí ó lóyún ní 1999. Ní ọdún 1999 kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, kò gbọdọ̀ sí kéèjì lásán mọ́ fún adìẹ tí ń yé ẹyin. Ọdún méjìlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a fi fún àwọn ọlọ́sìn láti múra. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọgbọ́n ènìyàn ti pọ̀ tó: òfin náà fi ààyè sílẹ̀ fún kéèjì tí a tún ṣe, tí ó ní igi ìbà àti ibi ìyé ẹyin, tí àyè adìẹ kan nínú rẹ̀ jẹ́ 750 dípò 550. Ẹ tún padà lọ mú tákàdá yín. Ó fi díẹ̀ jù ú lọ.

Nítorí pé òfin a máa fẹsẹ̀ falẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe yíjú sí àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ. Wọ́n ní, bí aṣòfin bá ń sùn, ẹ jẹ́ kí a lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí ń ra ẹyin. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun, ó sì kan ìtàn tiwa. Ní 1791, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London kọ̀ láti fòpin sí òwò ẹrú, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ pinnu pé ṣúgà tí ẹrú ṣe kò ní wọ ẹnu àwọn mọ́. Thomas Clarkson, tí ó rin ìrìn-àjò káàkiri ilẹ̀ náà, kà wọ́n sí 300,000 ènìyàn. Ọdún 1807 ni òfin tó fòpin sí òwò náà, ṣùgbọ́n àwo ṣúgà ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní ohun tí ẹ̀rí ọkàn jẹ́. A kò fi ènìyàn wé adìẹ o. Ọlọ́run má jẹ́ kí a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ti kó ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀nà ni a fi wé ọ̀nà: ẹni tí ń ra ọjà ní ipa nínú bí a ti ṣe é.

A sì rí i pé ọkàn tí ó ṣàánú ènìyàn kì í sábà tì ilẹ̀kùn mọ́ ẹranko. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí ọmọ Òṣóògùn sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther fún wa. Ní ọdún kan náà ni Richard Martin mú kí ilé ìgbìmọ̀ ní London ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ fi ìkà lu màlúù, ẹṣin àti àgùntàn. Ní 1824 a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní London láti dáàbò bo ẹranko, tí Ọbabìnrin Victoria fi orúkọ ọba kún orúkọ rẹ̀ ní 1840. Àlùfáà Arthur Broome ni ó pe ìpàdé náà. William Wilberforce, ajà-fún-ẹrú nnì, wà nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Broome fi iṣẹ́ ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ yìí, gbèsè ẹgbẹ́ náà sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ní 1826. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé ẹni tí ń ṣàánú adìẹ ti gbàgbé ènìyàn, ẹ bi í bóyá Wilberforce gbàgbé.

Kí ni kíkan ilẹ̀kùn náà ti mú wá? Ẹ jẹ́ kí a mú ilé-iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀, McDonald's. Ní 2015 ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí pé láàárín ọdún mẹ́wàá, gbogbo ẹyin tí òun ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà yóò jẹ́ ti adìẹ tí kò sí nínú kéèjì. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ẹyin tí wọ́n ń rà lọ́dún nígbà náà súnmọ́ bílíọ̀nù méjì. Nígbà tí òǹrajà tí ó tó báyìí bá sọ̀rọ̀, ta ni ọlọ́sìn tí kò ní gbọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀lé e pẹ̀lú ìlérí tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 McDonald's kéde pé ní ti Amẹ́ríkà òun ti mú ìlérí náà ṣẹ ṣáájú àkókò. A gbọdọ̀ yìn ín fún èyí; ẹni tí ó bá ṣe rere kí a wí pé ó ṣe rere, kí ó lè yá a lára láti tún ṣe òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ní 2012 ilé-iṣẹ́ kan náà ti ṣèlérí nípa ẹlẹ́dẹ̀ pé títí di 2022, àwọn yóò yọwọ́ kúrò nínú àgò abo ẹlẹ́dẹ̀ olóyún. Nígbà tí 2022 dé, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti yí padà: wọ́n ní a ṣì lè ti ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ àgò títí a ó fi mọ̀ dájú pé ó lóyún, lẹ́yìn náà ni a ó tó tú u sílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olówó kan, Carl Icahn, tí ó ní owó díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà, bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé àwọn onípìn-ín. Ìbò tí ó rí kò tó nǹkan, ó sì fìdí rẹmi. Ohun tí a rí kọ́ níhìn-ín ni pé ìlérí dàbí ẹyin: bí a bá gbé e kalẹ̀ tí a kò ṣọ́ ọ, a lè padà wá bá èèpo.

Àwọn ìjọba pẹ̀lú kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Àwọn ará Yúróòpù tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún (1,400,000) fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan pé kí a fòpin sí àgò fún ẹran ọ̀sìn gbogbo. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn aláṣẹ Yúróòpù dáhùn pé, ó dára, kí 2023 tó parí àwọn yóò mú àbá òfin wá. Ọdún 2023 wá, ó sì lọ. Àbá òfin kò jáde. Ní California, ọ̀nà mìíràn ni àwọn ènìyàn gbà: ní 2018 wọ́n dìbò fún òfin pé ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti inú àgò híhá wá, a kò gbọdọ̀ tà á ní ìpínlẹ̀ àwọn, ibi yòówù kí a ti sìn ín. Àwọn oníṣòwò ẹlẹ́dẹ̀ gbé ọ̀ràn náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 wọ́n pàdánù. Ẹ rí i pé nǹkan mẹ́ta ni ó ń ti ara wọn lẹ́yìn: ẹni tí ń rà, ilé-iṣẹ́ tí ń tà, àti òfin tí ń ṣọ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá sùn, kí méjì jí i.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dá àwọn tí ń takò wá lóhùn, nítorí àwọn kan nínú wọn kì í ṣe aláìlóye.

Èkíní wí pé, "Ẹran lẹran ń jẹ́, kí ni adìẹ mọ̀?" Àwa kò wí pé adìẹ mọ ìwé. Ohun tí a wí ni pé ara ń ta á, ẹ̀rù ń bà á, ebi ń pa á. Àdéhùn Yúróòpù tí a ń pè ní ti Lisbon, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹranko jẹ́ ohun tí ń mọ nǹkan lára. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi òfin kan kéde irú rẹ̀ ní 2022. Ṣùgbọ́n kí ni a nílò òfin Òyìnbó fún níhìn-ín? Ṣé kì í ṣe àwọn baba wa ni ó wí pé ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí yóò ti dùn ún tó? Bí ọmọ ẹyẹ kò bá mọ nǹkan lára, òwe náà kò ní ìtumọ̀.

Èkejì wí pé, "Ẹyin yóò wọ́n gógó, ọmọ tálákà kò ní rí i jẹ." Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, a kò ní fi ẹ̀rín dáhùn rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ẹyin adìẹ tí a tú sílẹ̀ ń ná ọlọ́sìn lówó ju ti kéèjì lọ: ó ń gba ilẹ̀, ó ń gba ènìyàn, adìẹ tí ń rìn sì ń jẹun ju èyí tí ó dúró lójú kan lọ. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé kéèjì ń ya adìẹ kúrò nínú ìgbẹ́ rẹ̀, èyí tí ó ń dín àwọn àrùn kan kù. Àti pé agbo tí a tú sílẹ̀ láìní ọgbọ́n lè máa ṣá ara wọn lẹ́nu títí dójú ikú. Ẹni tí ó bá wí fún yín pé ṣíṣí ilẹ̀kùn àgò nìkan tó, ó tàn yín jẹ. Ìtọ́jú ni ó ń bẹ lẹ́yìn ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ ìyókù. Yúróòpù lé kéèjì lásán jáde ní 2012, ẹyin kò sì tán ní ọjà wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ju ìdajì ẹyin tí wọ́n ń kó jọ ni ó ti di ti adìẹ tí ń jáde síta. Marks and Spencer yí gbogbo adìẹ tútù rẹ̀ padà sí irú tí kì í yára dàgbà ju ara rẹ̀ lọ ní 2022, ilé ìtajà náà kò sì wó. Ìdí sì nìyí tí a fi wí pé ilé-iṣẹ́ ńlá ni kí a lọ bá, kì í ṣe ìyá tí ń ta ẹyin sísè lórí àwo ní ibùdókọ̀. Ẹni tí ó ní èrè púpọ̀ ni ó lè kọ́kọ́ ru ìnáwó àyípadà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ tálákà bo èrè olówó mọ́lẹ̀, kì í ṣe tálákà ni ó ń ṣàánú.

Ẹ̀kẹta wí pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó ni, wọ́n ti yó, ni wọ́n ṣe ń ṣàánú adìẹ." Ìbá jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kéèjì bá dúró sí ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ó ti dé. Ní Ògùn, ní Ọ̀yọ́, ní Ọ̀ṣun, ilé ọ̀sìn tí ń lo kéèjì wà, iye wọn sì ń pọ̀ sí i. Ohun tí a lé jáde ní ibì kan a máa wá ibòmíràn wọ̀. Ní àkókò tí àwọn kan ń tú irin náà, ṣé àwa ni yóò máa fi gbèsè rà á, kí àwọn ọmọ wa lè wá tún un tú lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún? Ilé oúnjẹ ńláńlá wà pẹ̀lú tí orúkọ wọn wà ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní London. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé, ìlérí tí ẹ ṣe níbẹ̀, ṣé ó dé ìhín? Àbí adìẹ Èkó kì í làágùn?

Kí a má sì parọ́ fún ara wa pé ọwọ́ ilẹ̀ wa mọ́. Gbogbo wa ni a ti rí adìẹ tí a fi ẹsẹ̀ kọ́ sórí ọ̀kadà, tí orí rẹ̀ ń fì nísàlẹ̀ láti oko dé ọjà. A ti rí ewúrẹ́ tí a dì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ẹrù. A ti rí màlúù tí ó dúró nínú ọkọ̀ àjàgbé láti Òkè Ọya títí dé gúúsù, tí ó ń mì nítorí òùngbẹ. Kì í ṣe òfin ni kò sí. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní ìpín 495 rẹ̀, ka ìwà ìkà sí ẹran sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà tí a kọ síbẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50 kò tó ra ẹyin kan ní ọjà lónìí. Òfin tí owó rẹ̀ kò tó ẹyin kan, báwo ni yóò ṣe gba adìẹ là?

Àwọn kan yóò bi wá pé, kí ni olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe sí ilé-iṣẹ́ tí ń ra ẹyin bílíọ̀nù méjì? A dáhùn pé, àwọn tí ó kọ ṣúgà ní 1791 kò ní ọkọ̀ òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní oko adìẹ, kí ó fi hàn àwọn ọmọ bí a ti ń sin adìẹ lórí ilẹ̀ tí a tẹ́ ìyẹ̀fun igi sí, kí ó ní igi ìbà, kí ó ní àpótí ìyé ẹyin, kí wọ́n sì kọ iye tí a ná àti iye tí a rí sílẹ̀ nínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ìtàn àlọ́ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ra ẹyin fún oúnjẹ àwọn ọmọ, kí ó béèrè ibi tí ẹyin náà ti wá. Ìbéèrè nìkan ni, kò ná ni ní kọ́bọ̀; ṣùgbọ́n ọlọ́sìn tí a bá bi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí ronú ìdáhùn. Kí àwọn ọmọ tí ó ti mọ lẹ́tà kọ, kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n béèrè ohun mẹ́ta: Ìlérí wo ni ẹ ti ṣe? Ọdún wo ni yóò ṣẹ? Ta ni yóò wá wò ó pé ó ṣẹ? Ilé-iṣẹ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì àti ìkẹta kò tíì ṣe ìlérí kankan.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí ó bá ń sọ òkúta lu aláǹgbá, tí ẹ kò sì bá a wí, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ọ pé ìrora ẹlòmíràn kì í ṣe nǹkan. Lọ́la, yóò di ọ̀gá ilé-iṣẹ́, yóò sì mọ iye tí ẹyin jẹ́ láìmọ ohun tí ó ná adìẹ. Bí ẹ bá sì kọ́ ọ ní àánú pẹ̀lú ìṣirò, yóò mọ méjèèjì.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni a kò wí pé kí a sọ adìẹ di ọba. Adìẹ tí yóò fún wa ní ẹyin àti ẹran, àní ẹ̀mí rẹ̀, gbèsè kékeré ni a jẹ ẹ́: àyè tí yóò fi na ìyẹ́, kọ̀rọ̀ tí yóò yé sí, ilẹ̀ tí yóò tàn, àti ikú tí kò ní ìkà nínú. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ; níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ wa bá ń ti inú irú ìnira yìí wá, kò yẹ kí ara rọ àwọn tí ń tà á, kò sì yẹ kí ó rọ àwa tí ń rà á. Kí a máa béèrè, kí a máa ṣọ́ ìlérí, kí a má sì ṣe dákẹ́ títí ìlérí yóò fi ṣẹ.